Ẹṣin fún Oyè, Ọkọ́ fún Àgbẹ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Ẹran Ìtúlẹ̀ ní Òkè-Ògùn

Nínú ìwé yìí a ti jà fún èdè wa, a ti jà fún orúkọ wa, a sì ti jà fún aṣọ wa. A kò sì ní ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n ìjà kan wà tí a ti ń yẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, èyí ni ìjà fún ẹ̀yìn àgbẹ̀. Àwọn baba wa wí pé bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ta ni yóò sì máa sọ èdè Yorùbá ní abúlé, bí kò bá sí ẹnikẹ́ni mọ́ ní abúlé?

Ẹni tí ó bá dé Irawo, ní ẹkùn Tedé àti Àgọ́-Àrẹ, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, yóò rí ohun tí àwa rí. Ilẹ̀ ọ̀dàn náà tẹ́ rẹrẹ; igi òrí àti igi igbá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀; ilẹ̀ tí a lè dá kò tán síbẹ̀. Síbẹ̀ oko ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju ibi tí apá rẹ̀ méjèèjì lè fi ọkọ́ kọ. Ọkùnrin yóò tẹ̀ ba láti ìdájí títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, yóò máa kọ ebè lórí ebè, poro lórí poro, bí baba ńlá rẹ̀ ti ṣe. Àgbàlagbà kan níbẹ̀ sọ fún wa pé ọmọkùnrin mẹ́rin ni òun bí, kò sì sí ọ̀kan tí ó di ọkọ́ mú nínú wọn. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí rẹ̀, kò dá wa lóhùn. Ó na ọkọ́ rẹ̀ sí wa, ó ní kí a kọ́kọ́ kọ ebè mẹ́wàá, kí a tó tún béèrè.

A kò kọ ebè mẹ́wàá náà tán. Ṣùgbọ́n a lóye ìdáhùn rẹ̀, òun ni ó sì mú wa kọ̀wé yìí. Ẹ̀sùn tí a mú wá, ara wa ni a fi kàn. Àwa Yorùbá ti fi agbára ẹran jagun. A ti fi ṣe oyè, a sì ti fi ṣe àríyá. Ṣùgbọ́n a kò fi dáko. Ẹrù tí ó yẹ kí ẹran máa fà, ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn ni a gbé e lé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn. Ìgbòho, tí kò jìnnà sí Irawo, ni àwọn Aláàfin tẹ̀dó sí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, lẹ́yìn tí Tápà ti lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Níbẹ̀ ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ ti jọba, ìtàn ẹnu sì wí pé ẹlẹ́ṣin 1,000 ni ó ń kó lọ sójú ogun. Ní 1726 àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya bo Dàhòmì; láti 1730 wọ́n sọ ọ́ di asìnrú tí ń san ìṣákọ́lẹ̀, kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn títí di 1823, nígbà ọba Ghezo. Ẹṣin ni ó gbé gbogbo agbára yìí ró. Ibo ni a sì ti rí ẹṣin? Òkè Ọya ni a ti ń rà wọ́n, lọ́wọ́ Tápà àti Haúsá, owó púpọ̀ sì ni a fi ń rà wọ́n. Kì í pẹ́ kí wọ́n tó máa kú, nítorí eṣinṣin tsetse, èyí tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó sì ń fi àrùn sí i lára, wà ní ilẹ̀ wa. Ní 1895 ni David Bruce, oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní ilẹ̀ Súlù pé eṣinṣin yìí ni ó ń gbé àrùn náà kiri. Àwọn baba wa kò mọ èyí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹṣin kì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n yan àwọn tí yóò máa ká koríko fún ẹṣin, wọ́n wá egbòogi fún un, wọ́n ní ìjòyè tí ń jẹ́ Olókùn-Ẹṣin ní ààfin. Èyí tí ó bá sì kú, wọ́n á ra òmíràn dípò rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí ń sọ. Nígbà tí a bá wí lónìí pé kí a fi ẹran túlẹ̀ ní Òkè-Ògùn, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń dá wa lóhùn ni pé eṣinṣin kò ní jẹ́ kí ẹran gbé ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ yìí kan náà ni a ti sin ẹṣin ogun fún ọ̀pọ̀ ìran, láìsí abẹ́rẹ́, láìsí dókítà ẹran. Ẹṣin sì ni ẹran tí àrùn yìí tètè ń pa jù. Ogun ni a kà sí ohun tí ó tó náwó sí. Ilá, ọkà àti iṣu ni a kò kà sí. Kì í ṣe eṣinṣin ni ó dí wa lọ́nà, bí kò ṣe ohun tí ọkàn wa ń fẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé gbogbo ayé ni ó ń fi ẹṣin ṣe fàájì, kì í ṣe àwa nìkan. Rárá o. Àwọn ará Yúróòpù fi ẹṣin jagun bí tiwa, ṣùgbọ́n láti ìgbà àtijọ́ ni wọ́n ti hun àjàgà onítìmùtìmù sí i lọ́rùn, èyí tí kì í fún un ní ọ̀fun, kí èjìká rẹ̀ lè máa fa irin ìtúlẹ̀ àti ìtì igi láti inú igbó. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1915, ẹṣin àti ìbaaka tí ó wà níbẹ̀ lé ní 20,000,000, púpọ̀ nínú wọn sì wà lẹ́nu iṣẹ́ oko. Àwọn tí ń ta katakata fún wa lónìí, ẹ̀yìn ẹran ni wọ́n gùn dé ibi tí wọ́n wà. Àwa ni a fẹ́ fo ti ẹran kọjá, kí a ti inú ọkọ́ bọ́ sórí katakata ní ọjọ́ kan ṣoṣo. A sì ti ń fò ó láti ọdún púpọ̀, a kò tíì balẹ̀. Títí di òní olónìí ni àwọn ìjọ Amish ń fi ẹṣin túlẹ̀ ní Pennsylvania; ní Jámánì àti Faransé sì ni a ti ń rí àwọn agégi tí ń fi ẹṣin wọ́ ìtì igi jáde nínú igbó, nítorí ẹ̀rọ ńlá a máa tẹ ilẹ̀ pa, a sì máa ba àwọn igi kékeré jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ rí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ agégi ń gbà nínú igbó Òkè-Ògùn, ẹ mọ ohun tí a ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò ní kí Irawo lọ ra ẹṣin. Ẹṣin kì í gbó fún àrùn eṣinṣin, ọkà tí ènìyàn ń jẹ sì ni òun náà ń fẹ́ bí ó bá ń ṣiṣẹ́ líle. Màlúù ni tiwa. Koríko ni ó ń jẹ. Bí ó bá sì di arúgbó, ẹran rẹ̀ á tún pa owó wọlé. Bí a bá so akọ méjì tí a ti tẹ̀ lọ́dàá pọ̀ mọ́ àjàgà, tí a sì fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ́ wọn, wọn yóò túlẹ̀ tó ìdajì ẹ́kà sí ẹ́kà kan láàrin òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Ìgbẹ́ wọn á di ajílẹ̀. Nígbà ìkórè, àwọn kan náà ni yóò fa kẹ̀kẹ́ ẹrù wálé, kí orí àwọn ìyá wa lè sinmi.

Níbo ni a ti rí irú èyí? A kò ní láti rìn jìnnà. Láti àwọn ọdún 1920 ni ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí fi akọ màlúù túlẹ̀ ní òkè Ọya, tí ó sì ń kọ́ àwọn àgbẹ̀. Irin tí wọ́n ń pè ní Emcot, èyí tí ń kọ poro, di ohun tí ọmọdé mọ̀ ní ilẹ̀ Haúsá. Ní ọwọ́ òsì wa ńkọ́? Láti Ṣakí dé ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin kò jìnnà. Lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Bàrìbá, láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn tí ń ra òwú ti ń fi màlúù ìtúlẹ̀ lọ àgbẹ̀. Lónìí ní Banikoara àti Kandi ohun tí ó wọ́pọ̀ ni kí ọmọkùnrin máa da màlúù méjì níwájú irin nínú oko baba rẹ̀. Lóòótọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ ju tiwa lọ, eṣinṣin kò sì pọ̀ níbẹ̀ tó ti ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn ará Borgu tí wọ́n ń sin màlúù láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ní irú ẹran kan tí ó lè bá àrùn náà jà. Àwa náà sì mọ N'Dama, ẹran tí ó wá láti ìhà Gíní, èyí tí eṣinṣin kì í tètè rí gbé ṣe, tí ìjọba sì ti sìn ní Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Láti 1955 ni oògùn Berenil ti wà fún àrùn yìí, àwọn Fúlàní tí ó wà ní gàá ẹ̀yìn ilé wa sì mọ̀ ọ́n lò. Ohun tí Aláàfin kò ní nígbà tí ó ń sin ẹṣin ogun, àgbẹ̀ Irawo lè rí i rà ní ọjà lónìí.

Nígbà náà ni àwọn olóṣèlú wa yóò dìde. Wọn yóò ní, ‘Kí ni ẹ ń sọ ọ̀rọ̀ màlúù sí? Ayé ti lajú. Katakata ni a ó fún yín.’ A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbà ìbò kan, a tún gbọ́ ọ nígbà ìbò mìíràn. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì. A kò kórìíra katakata. Ẹni tí ó bá ní ọgọ́rùn-ún ẹ́kà, kí ó lò ó. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ẹ́kà mẹ́ta ńkọ́, àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wa? Ó ti san owó rẹ̀, ó sì ń dúró de ìgbà tí yóò kàn án. Òjò kì í dúró dè é. Katakata kan ṣoṣo ni gbogbo abúlé ń dù. Bí ohun èlò kan bá kán nínú rẹ̀, a ó máa wá a lọ sí Ìbàdàn, àkókò ìgbìn yóò sì kọjá. Epo rẹ̀ ńkọ́? Ní 2022 owó epo dísù fò sókè. Ní May 2023 ìjọba àpapọ̀ yọ ọwọ́ kúrò nínú ìrànwọ́ owó epo pẹtiróòlù, owó ọkọ̀ àti ti gbogbo nǹkan sì tẹ̀ lé e. Màlúù kì í mu epo. Kì í dúró de ohun èlò tí yóò ti òkè òkun wá.

Ẹ wo àwọn ará wa ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Lùkùmí ti ń bọ Ṣàngó àti Ògún títí di òní. Katakata kún ilẹ̀ náà nígbà kan, nítorí epo ọ̀fẹ́ tàbí epo ọ̀pọ̀ ń wá láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Nígbà tí ìjọba Sófíẹ̀tì túká ní 1991 epo dá, àwọn katakata sì dúró gbagidi nínú oko. Kí ni Kúbà ṣe? Kò jókòó sunkún. Ó wá àwọn àgbà tí ó ṣì mọ bí a ti ń kọ́ akọ màlúù, ó ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Láàrin ọdún mélòó kan, iye màlúù ìtúlẹ̀ wọn di ìlọ́po méjì. Ta ni yóò pe àwọn ènìyàn yìí ní ará oko?

Àtakò kan tún wà tí a kì í sọ síta, ṣùgbọ́n òun ni ó jinlẹ̀ jù. Àwọn kan ń wí nínú ọkàn wọn pé iṣẹ́ Bororo ni kí ènìyàn máa da màlúù. Ọ̀rọ̀ yìí le, a kò sì ní fi ṣeré. Ẹran ti jẹ oko wa run. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgàngàn ní June 2021 kò tíì kúrò ní ọkàn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹran tí ó jẹ oko ni ẹran tí a kò so. Èyí tí àwa ń sọ, inú ọgbà àgbẹ̀ ni yóò máa sùn, ọwọ́ àgbẹ̀ ni yóò ti máa jẹ, àjàgà ni yóò wà ní ọrùn rẹ̀. Ṣé nítorí pé a bínú sí ẹlòmíràn ni a ó fi kọ agbára tí Ọlọ́run dá sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn? Nígbà tí a ń ra ẹṣin lọ́wọ́ Tápà, ẹni tí ó lé wa kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé ni Tápà. Àwọn baba wa kò wí pé ẹran ọ̀tá ni. Wọ́n rà á, wọ́n gùn ún, wọ́n sì padà sí Ọ̀yọ́-Ilé.

Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ní àtakò tiwọn. Èyí ni a bọ̀wọ̀ fún jù, nítorí ẹnu ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ni ó ti jáde. Wọ́n ní kùkùté pọ̀ nínú ilẹ̀, irin yóò kán. Òótọ́ ni, ọdún àkọ́kọ́ yóò jẹ́ ti híhú kùkùté, iṣẹ́ náà sì le. Ṣùgbọ́n katakata tún le ju èyí lọ: ó ní kí a hú gbogbo igi kúrò, àti igi òrí àti igi igbá tí àwọn ìyá wa fi ń jẹun, a sì máa kó ẹrùpẹ̀ òkè dànù pẹ̀lú wọn. Màlúù mọ bí a ti ń yí igi po. Wọ́n ní ẹran a máa rù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì ní lágbára nígbà tí òjò bá dé. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá tọ́jú ewé ẹ̀pà, ewé ẹ̀wà àti èèpo ẹ̀gẹ́ pamọ́ láti ìgbà ìkórè, kí ó má ṣe ra màlúù. Wọ́n ní ebè iṣu ńkọ́? Ọkọ́ ni yóò máa kọ ebè iṣu ńlá; a kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọkọ́ nù. Àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀pà, ẹ̀wà àti òwú ni kí ẹran máa kọ poro fún. Bí ilẹ̀ bá sì dagun, kí a túlẹ̀ ní ìbú rẹ̀, kí àgbàrá má bàa wọ́ ọ lọ.

Kí ni a ń béèrè, nígbà náà? A kò kọ̀wé sí ìjọba ní ti èyí. Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè Òkè-Ògùn ni a kọ̀wé sí.

A rí ẹṣin tí ẹ ń gùn nígbà ọdún, inú wa sì ń dùn. Ẹni tí ó bá rí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwọn ìdílé Balógun ń fi ẹṣin jó níwájú Awùjalẹ̀, yóò mọ̀ pé ẹwà Yorùbá kò tíì tán. A kò ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin. Ohun tí a ń wí ni pé kí ìjòyè tí ó bá lè bọ́ ẹṣin kan fún ọjọ́ kan lọ́dún, kí ó bọ́ akọ màlúù méjì fún gbogbo ọdún, kí ó sì fi wọ́n túlẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí Baálẹ̀ bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìtìjú á kúrò lójú àwọn ọ̀dọ́.

Kí Irawo yan ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, kí ó rán wọn lọ sí Banikoara tàbí sí òkè Ọya fún ìgbà òjò kan, kí wọ́n fi ojú rí i, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ṣe é. Kí a gbé irin Emcot kan lọ bá àwọn alágbẹ̀dẹ Ṣakí. Àwọn tí wọ́n ń rọ ìbọn, ṣé irin ìtúlẹ̀ ni kò ní ṣe é rọ fún wọn? Kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ra ẹran náà ní àjọ, bí a ti ń ṣe àáró àti ọ̀wẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí ó máa ti oko ẹnìkan bọ́ sí ti ẹnìkejì. Kí a bá àwọn àgbà gàá tí ó ń bá wa gbé ní àlàáfíà ṣe àdéhùn, ní iwájú ọba, kí wọ́n tà fún wa, kí wọ́n sì kọ́ wa ní ìtọ́jú rẹ̀. Bóyá nínú oko kan náà ni ọ̀rọ̀ tí kò yanjú nílé ẹjọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí yanjú.

A ó padà sí Irawo nígbà àkọ́rọ̀ òjò ọdún tí ń bọ̀. Àgbàlagbà tí ó na ọkọ́ sí wa kò ní ọdún púpọ̀ mọ́ tí yóò fi tẹ̀ ba. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní padà wá gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Bí ó bá jẹ́ okùn àjàgà ni ó nà sí wọn, bóyá ọ̀kan nínú wọn yóò wá gbà á.